Ẹ Yé Ní Kí N Lọ Ra Jíìpù

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́ wàyí. Mo gbé fọ́tò ara mi síbí, èmi lórí Yamaha R6 aláwọ̀ búlúù kan ní ibi tí wọ́n ti ń ta páwà báìkì, àwọn báìkì ńlá tó ń sáré burúkú yẹn, eyín mi wà níta, inú mi ń dùn. Ohun tí mo rí gbà lábẹ́ rẹ̀ nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé o!” “Ẹ̀gbọ́n, ṣé orúnkún yín ò ní gbá yín lágbọ̀n báyìí?” Ìyẹn ò burú, èmi náà rẹ́rìn-ín. Èyí tó bí mi nínú ni ti ọmọkùnrin tó kọ ọ́ pé, “Ẹni tó bá ga tó báyìí, jíìpù ló yẹ kó lọ rà.” Ẹ wá wo bí ẹ ṣe ń rọ́ tì í lẹ́yìn, tẹ́yin ń ṣe “òótọ́ ni, òótọ́ ni.”

Jíìpù kẹ̀? Ṣé mo ní kí ẹ bá mi dáwó ni?

Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 4 ni mí. Agùntáṣọọ́lò ni ìyá mi ń pè mí bí inú wọn bá dùn, télọ̀ mi náà ń pè mí bẹ́ẹ̀ bó bá fẹ́ fowó kún iṣẹ́. Mo ti gbà fún Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ dánfó, mo ti gbà lórí ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì. Ti báìkì ni mi ò gbà.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé gbogbo èèyàn ló ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí o bá ti ní o ga, wọ́n á ní, “Ra èyí tí síìtì rẹ̀ ga.” Ó dáa. Síìtì R6 ga tó mìlímítà 850 láti ilẹ̀. Ti R1, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jẹ́ 855. Ti Hayabusa, báìkì Suzuki tó tóbi ju àwọn méjèèjì lọ fíìfíì, 800 péré ni. Tá a bá fi tiyín ṣe, R6 àti R1 ló yẹ kó gbà mí, kí Hayabusa wá jẹ́ ti àwọn kúkurú. Irọ́ ni! Gíga síìtì, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀ ló ń dààmú. Tèmi kanlẹ̀ lórí gbogbo báìkì, ó tún ṣẹ́ kù. Ibi tí ìyà wà fún àwa ni àárín síìtì sí ibi ìtẹsẹ̀, àti àárín síìtì sí ọwọ́ báìkì. Kò sì sí ẹni tó ń kọ èyí sára bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fọ́tò yẹn fún yín.

Èkó ni, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọmọ tó ń tajà rí mi lókèèrè, ó sáré wá pàdé mi. “Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà! Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń retí.” Ó fà mí lọ sídìí R6 náà, tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní. “Síìtì ẹ̀ ga, sà. Èèyàn kúkurú ò lè gùn ún. Tiyín ni.” Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ya fọ́tò, òun ló ya èyí tí ẹ rí.

Nígbà tí mo wá gbé ẹsẹ̀ lé ibi ìtẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹ mọ ibi tí wọ́n gbẹ́ sínú lára táǹkì kí itan lè jókòó síbẹ̀? Orúnkún tèmi ti kọjá ibẹ̀, etí ike ẹ̀gbẹ́ ló lọ gbá. Mo yí ọwọ́ báìkì sí òsì bí ẹni tó fẹ́ yí padà nínú gáréèjì, àtàǹpàkò mi há sáàárín ọwọ́ báìkì àti táǹkì, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún sì lu orúnkún. Bàtà mi, nọ́ńbà 47, kò ráyè wọ abẹ́ jíà. Àfi kí n fa gbogbo ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí n wá fi orí ọmọ ìka gbé jíà sókè. Mo dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ síwájú. Mítà àti táyà iwájú ni mo ń rí. Kí n tó lè rí ọ̀nà, mo ní láti ta ọrùn sókè títí tí ìdí hẹ́límẹ́ẹ̀tì fi ń gún mi lẹ́yìn ọrùn.

Wọ́n ní kí n gùn ún dé ìparí àdúgbò kí n padà. Mo gbéra. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan tó láti mú èèyàn gbàgbé gbèsè. Ṣùgbọ́n àdúgbò Èkó ni. Bọ́m̀pù lórí bọ́m̀pù. Gbogbo ìgbà tí táyà iwájú bá kó sí kòtò, ọrùn ọwọ́ mi ló ń gba ìyà náà, nítorí gbogbo ara mi ló dà síwájú sórí ọwọ́ méjèèjì. Mo dé ibi tí tírélà kan dínà, ni mo bá dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ooru ẹ́ńjìnnì ń yan itan mi, mi ò sì ní ibi tí mo lè gbé ẹsẹ̀ náà sí. Nígbà tí mo fi padà dé, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi ń ké, itan òsì ti kú tipiri. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbọ́. Ẹni méjì ló di báìkì mú fún mi. Ọmọ tó ń tajà fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó máa mọ́ yín lára.”

Ọ̀rọ̀ yìí! Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ ṣáà sọ ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló máa mọ́ mi lára? Egungun itan kì í kúrú nítorí pé èèyàn ń gun báìkì lójoojúmọ́. Ó tún ń bá a lọ pé bí sport bike ṣe rí nìyẹn, pé ìrora wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá ń wá ìtura kó lọ wọ BRT. Owó tèmi ni mo mú wá o. Èmi ni mo fẹ́ rajà, èmi náà ni wọ́n ń wàásù ìfaradà fún.

Bàbá mẹkáníìkì kan wà lódìkejì tí wọ́n ń tú bíréèkì Hayabusa kan. Láti ìgbà tí mo ti dé, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n nu ọwọ́ nù, wọ́n fa okùn kan yọ lápò, okùn lásán tí wọ́n fi ń dẹrù. Wọ́n fi ìdí rẹ̀ lé àárín síìtì R6, wọ́n ní kí ọmọ yẹn dì í mú, wọ́n fà á dé ibi ìtẹsẹ̀, wọ́n ta kókó síbẹ̀. Wọ́n lọ sídìí Hayabusa, wọ́n ṣe bákan náà, kókó kejì. Wọ́n lọ sídìí Kawasaki Ninja 1000SX kan tó wà lẹ́bàá ògiri, kókó kẹta. Wọ́n wá na okùn náà síwájú mi.

“Ẹ wò ó, ọ̀gá. Ti R6 àti Hayabusa ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ti Ninja yìí fi ìka mẹ́ta gùn jù wọ́n lọ. Ọwọ́ tiẹ̀ sì wà lókè. Ẹsẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe síìtì.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Gbogbo fídíò tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó yé mi tó okùn yẹn.

Kì í ṣe pé àwọn Yamaha ò mọ̀ pé àwa gíga wà láyé. Pápá ìdíje ni wọ́n ṣe irú R6 fún. Wọ́n gbé ìtẹsẹ̀ sókè kó má baà máa ha ilẹ̀ nígbà tí báìkì bá dẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà. Wọ́n rẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìwúwo ẹni tó ń gùn ún lè tẹ táyà iwájú, kí atẹ́gùn sì gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ọgbọ́n ni gbogbo ẹ̀, níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi orúnkún gbálẹ̀ ní kọ́nà Ojota? Yamaha fúnra wọn, lẹ́yìn 2020, wọn ò ta R6 fún gígùn ní títì mọ́ ní Yúróòpù, ti pápá ìdíje nìkan ló kù. Àwa ni wọ́n wá ń kó tòkunbọ̀ rẹ̀ wá fún.

Ẹ má sì mú ọ̀rọ̀ Loris Baz wá bá mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa mú un wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Faransé yẹn ga ju mítà 1.90 lọ, ó dé MotoGP, ìdíje báìkì tó ga jù lọ lágbàáyé, ní 2015, ó sì ṣe ipò kẹrin ní pápá Misano ní Ítálì lọ́dún yẹn. Mo kí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bójú tó báìkì ẹ̀ ló ń bá a tún síìtì àti ìtẹsẹ̀ ṣe kó lè gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdíje kan ò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ, kò sí tírélà tó dínà níbẹ̀. Dani Pedrosa, ọmọ Sípéènì tó díje ní MotoGP, tí kò ju nǹkan bíi mítà 1.60 lọ, òun ni irú báìkì yẹn dà bíi pé wọ́n wọn ara rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

Àwọn kan ní kí n rán fóòmù kún síìtì. Ọ̀rẹ́ mi ṣe é sí Honda CBR tiẹ̀. Orúnkún rí ìsinmi díẹ̀, àmọ́ bí ìdí ṣe gòkè ni ọwọ́ báìkì túbọ̀ jìn sísàlẹ̀, ọrùn ọwọ́ wá ń sunkún dípò orúnkún. Wọ́n tún ní kí n sọ ìtẹsẹ̀ kalẹ̀, kí n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Tí mo bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, kí ló kù tí mo ń sanwó rẹ̀ sí? Ẹ̀yin ará GS, ẹ̀yin tí ẹ ń gun báìkì gíga ti BMW yẹn, mo rí yín. Mo mọ̀ pé ẹ jókòó pẹ̀sẹ̀. Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìjókòó pẹ̀sẹ̀ nìkan ni mò ń wá, ọmọ dispatch tó ń gun Qlink X-Ranger jókòó dáadáa ju ẹlòmíì tó wà lórí báìkì olówó ńlá lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà, ẹ̀yìn rẹ̀ nà. (Ohun tójú àwọn tó ń gun ọ̀kadà kékeré rí ní Èkó láti Òkúdu 2022, tí ìjọba fòfin dè wọ́n láwọn ibì kan, ni mi ò fẹ́ rí.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí. Mo jókòó sórí Ninja 1000SX yẹn. Orúnkún wọlé síbi tó yẹ, ọwọ́ ò há, mo ń rí ọ̀nà láìta ọrùn. Bàbá mẹkáníìkì ń mi orí pé ó bá mi mu. Ó sì bá mi mu lóòótọ́. Àmọ́ mo bojú wo gíláàsì ọ́fíìsì wọn, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní bánkì ni mo rí níbẹ̀. Ara balẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i rárá. R6 tó fẹ́ pa mí lára yẹn, òun ni mo lá àlá rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ìyàwó mi ní kí n wá àdúrà.

Bóyá Hayabusa ló kàn. Okùn Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ gbè é, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó gùn, ó fẹ̀, èèyàn lè sún ìdí sẹ́yìn lórí rẹ̀. Bàbá ní bíréèkì rẹ̀ á parí lọ́sẹ̀ yìí, kí n wá gùn ún dé ọ̀nà tó jìn. Èyí tuntun tó jáde ní 2021 wúwo tó kílò 264, kí n má tíì sọ ti epo àti ìṣòro bíbójú tó o. Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ga bíi tèmi, tí ẹ ń fi Hayabusa lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, ẹ sọ òótọ́ fún mi: tí ẹ bá ti kọjá Ṣàgámù, ṣé ọrùn ọwọ́ yín ò máa ń ta? Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí kò bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, kó jọ̀wọ́ má dá sí i.