Kí a tó po ọṣẹ nílé, kí a kọ́kọ́ ra òṣùwọ̀n

Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń rí i tí àwọn ènìyàn wa ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ń padà sí pípo ọṣẹ ìfọṣọ nínú ilé. Àdín wà lọ́jà, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ọṣẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí a ṣe ń kọ́ ara wa níṣẹ́ náà: agolo mílíìkì sódà kan (kọ́sítíìkì sódà tí a fi ń po ọṣẹ ni mo ń wí), ìgò epo mélòó kan, kí a dà wọ́n pọ̀, ó tán. Èrò ọkàn mi ni pé ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n tí ó ń ka gíráàmù kò tí ì ṣetán láti po ọṣẹ.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé ṣé àwọn ìyá wa ní òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n ń se ọṣẹ dúdú. Wọn kò ní, wọn kò sì nílò rẹ̀. Omi eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń lò, kì í sì í le tó sódà òde òní. Orí iná ni wọ́n ti ń rò ó fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ń wò ó, tí wọ́n sì ń bu omi eérú tàbí àdín kún un títí yóò fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Iná fún wọn láyè àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gbé tiwa kaná mọ́, nítorí náà bí ọṣẹ bá ti dì, ohun tí a wọ̀n sínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni a ó fi fọ aṣọ.

Epo kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ìwọ̀n sódà tirẹ̀. Kílò kan àdín lè gba sódà bí 176 gíráàmù kí gbogbo rẹ̀ tó di ọṣẹ, ṣùgbọ́n kílò kan epo pupa kò gbà ju bí 142 lọ, òrí sì kéré sí méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n àdín po epo pupa ti fi sódà tí ó lé ní 30 gíráàmù sílẹ̀ láìrí epo jẹ, ọwọ́ ẹni tí ń fọṣọ ni yóò sì rí i. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí a dín sódà kù díẹ̀, kí ó jẹ́ bí 167 fún kílò kan àdín, kí epo díẹ̀ ṣẹ́ kù dípò sódà. Lẹ́yìn náà, kí a fi ọṣẹ náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó gbẹ dáadáa. Ó dára fún jálàbíà funfun tí a ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi fọ sányán, nítorí òwú kòkòrò ni, ọṣẹ tí a fi sódà po a sì máa bà á jẹ́.

Sódà ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi sórí sódà, nítorí ó lè hó kí ó ta síni lójú. Ike tí ó nípọn ni kí a lò, kì í ṣe ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí sódà yóò jẹ ìkòkò náà.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti àwọn ọmọdé. A kò gbọdọ̀ tọ́jú omi sódà sínú ìgò ohun mímu láé, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, kí a má ṣe fún un ní epo pupa, kí a má sì ṣe mú kí ó bì, nítorí ohun tí ó jó ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí ó ń lọ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí a sì mú ike sódà náà dání kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu.