Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Yọ Pépà Lẹ́yìn Tí A Ti Gbà Á

Ó ti sú mi! Kí ló dé tí èèyàn á fi pépà ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ jáde, tí wọ́n á bá a yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á bá a tún un ṣe, tí wọ́n á kọ lẹ́tà pé àwọn ti gbà á, tí yóò wá ní òun fẹ́ gbé e lọ?

Olóòtú jọ́nà kékeré kan ni mí. Àwọn tó ń bá wa yẹ pépà wò, olùkọ́ yunifásítì bíi tiyín ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ni tán, tí wọ́n máàkì ìwé ìdánwò tán, lóru, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ létí wọn, ni wọ́n ń ka iṣẹ́ yín láti ìlà dé ìlà. Kí a tó rí ẹni méjì tó máa gbà, a ti bẹ èèyàn títí ẹnu fi bó.

Ẹ gbọ́ èyí tó dé kẹ́yìn. Pépà lórí gàrí ni. Àwọn tó kọ ọ́ ṣe ìwọ̀n sáyánáìdì, májèlé inú ẹ̀gẹ́, nínú gàrí tí wọ́n rà lọ́jà, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ló dára fún jíjẹ, torí kò sí èyí tó ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò kan. Olùyẹ̀wò wa ló tọ́ka sí i fún wọn pé ti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni 10 yẹn nínú Codex, ìlànà oúnjẹ tí FAO, àjọ oúnjẹ àgbáyé, àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, jọ gbé kalẹ̀. Ti gàrí kò gbọdọ̀ ju 2 lọ. Méjì péré! Ohun tí à ń fún ọmọ mu, tí à ń fi tẹ ẹ̀bà! Wọ́n tún tábìlì ṣe, àbájáde iṣẹ́ yí padà pátápátá, wọ́n dúpẹ́ rẹpẹtẹ. A gbà á. A ti tò ó sójú ewé fún ẹ̀dà tó ń bọ̀. Ni ímeèlì bá dé: “Ẹ má bínú sà, a fẹ́ yọ pépà wa nítorí ìdí tó kọjá agbára wa.”

Ìdí wo? Nígbà tó yá, mo rí i nínú jọ́nà òkè òkun kan. Tábìlì yẹn náà ni. Òṣùwọ̀n 2 yẹn náà ni. Gbólóhùn tí olùyẹ̀wò wa bá wọn kọ, wọn ò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀.

Ẹ ó ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ló fà á. Mo mọ̀. Kí ìgbìmọ̀ ìgbéga tó ka àkọlé iṣẹ́ èèyàn ni wọ́n ti ń béèrè bóyá ó wà nínú Scopus, àkójọ àwọn jọ́nà tí ayé mọ̀, ìyẹn náà sì ń pa jọ́nà ilé wa. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò mọ irú jọ́nà tí a jẹ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ ni? Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé jọ́nà méjì mẹ́ta ni wọ́n ń fi pépà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fọwọ́ sí i fún wa pé kò sí níbòmíràn!

Ẹnìkan sọ fún mi pé Einstein, gbajúmọ̀ onímọ̀ físíìsì, náà yọ pépà rẹ̀. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1936, inú bí i pé olóòtú jọ́nà Physical Review fún ẹlòmíràn ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìgbì agbára òòfà (gravitational waves), ló bá gbà á padà. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbà á wọlé nígbà yẹn. Àṣìṣe tí olùyẹ̀wò rí sì wà níbẹ̀ lóòótọ́: Einstein yí àbájáde rẹ̀ padà kó tó jáde nínú jọ́nà mìíràn lọ́dún 1937.

Ẹni tó bá rí àṣìṣe ńlá nínú iṣẹ́ ara rẹ̀, kó tètè yọ ọ́, mo kí i. Ẹni tó kó sọ́wọ́ jọ́nà gbájúẹ̀, kó sá. Àwọn yẹn kọ́ ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin tí mò ń bá wí mọ ara yín. Ẹni tó bá tún dán an wò lọ́dọ̀ wa, a ò ní ka iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ láéláé, a ó sì kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ti ń ṣiṣẹ́.

Olùyẹ̀wò tó rí àṣìṣe inú pépà gàrí yẹn ti kọ̀wé sí mi pé òun ò ṣe mọ́. Ta ni kí n tún lọ bẹ̀ báyìí?