Ìlà kékeré àárín ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Èrò tèmi rèé o. Ìlà kékeré tí a fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ yìí ti fẹ́ di ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ àwa tí à ń kọ Yorùbá. Ẹ ó rí "agbani-síṣẹ́", ẹ ó rí "ò-ṣìṣẹ́" (ẹ̀rín pa mí níbi tí mo ti rí ìyẹn). Kí ló ń wá níbẹ̀? Ìpajẹ (pípa ìró kan jẹ níbi tí ọ̀rọ̀ ti pàdé) ti ṣẹlẹ̀, "gbà", "ẹni", "sí" àti "iṣẹ́" ti wọnú ara wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ kọ ọ́ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "iléeṣẹ́" (ilé + iṣẹ́): "i" ti gba ìró "e" tó ṣáájú rẹ̀, kò sí ohun tí a tún fẹ́ fi ìlà so mọ́.

Ibi tí a ti nílò rẹ̀ gan-an la kì í fi í sí. Ẹ wo "olórí òṣìṣẹ́ obìnrin". Ṣé olórí yẹn ni obìnrin, àbí àwọn tí olórí náà ń darí? Bí mo bá kọ "olórí-òṣìṣẹ́ obìnrin", obìnrin ni olórí, ó parí. "Olórí òṣìṣẹ́-obìnrin" ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ni obìnrin, olórí wọn lè jẹ́ ọkùnrin. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, a lè dánu dúró díẹ̀ kó yé ara wa. Ẹni tó ń kàwé kò gbóhùn wa. "Owó oṣù tuntun" náà tún wà níbẹ̀: ṣé wọ́n fi kún owó ni, àbí oṣù ló yí? "Owó-oṣù tuntun" kò ní ìjà nínú.

Àkọtọ́ 1974, ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, gbà wá lọ́wọ́ "aiye" àti "enia", síbẹ̀ ilé-ìwé, ilé ìwé àti iléèwé ṣì ń bára wọn du àyè títí dòní. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ọ̀rọ̀ tí à ń yàn.

"Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé." Ó dùn-ún gbọ́, àwọn oníròyìn fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n dá a dúró fúngbà díẹ̀ ni, àbí wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá? Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kóun máa wáṣẹ́ mìíràn. Ẹ sọ èyí tó jẹ́. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi "owó iṣẹ́" pe owó oṣù, ajẹmọ́nú àti owó ìfẹ̀yìntì pọ̀. Owó iṣẹ́ ni télọ̀ ń gbà lórí aṣọ tó rán. Kò gbowó oṣù lọ́wọ́ ẹni tó ni aṣọ.