Bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ńlá kì í dé àdúgbò tí ìyà ń jẹ jù

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá kó òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, tí gbogbo wọn wọ pólò kan náà, tí wọ́n kun ilé-ìwé lọ́dà, tí wọ́n gbá etíkun, tí wọ́n pín báàgì àti ìwé fún àwọn ọmọ, àdúgbò tí ìyà ń jẹ jù ló jèrè rẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí inú rere àwọn tó ń lọ, nítorí mo mọ àwọn tó ń fi tọkàntọkàn ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé, bí a ṣe ń ṣe é ní Èkó, ètò náà kì í sábà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a ní a ṣe é fún. Bó bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn, ibi tó ń dùn wọ́n kọ́ ló máa ń fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ń lọ ná. Ilé-ìwé ìjọba ni wọ́n sábà máa ń yàn, a sì mọ ìdí rẹ̀. SUBEB, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, tàbí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ á fọwọ́ sí lẹ́tà, ọ̀gá ilé-ìwé á to àwọn ọmọ síta, bọ́ọ̀sì á rí pápá gúnlẹ̀ sí, ògiri á wà tí a lè kùn. Àmọ́ níbo gan-an ni ọmọ tálákà ti ń kàwé ní Èkó? Ní 2010 sí 2011, ESSPIN, ètò àtúnṣe ẹ̀kọ́ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fowó tì lẹ́yìn nígbà náà, ka ilé-ìwé àdáni tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. 12,098 ni wọ́n bá. Nǹkan bí 26 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìwé àṣẹ ìjọba. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó kù ló wà fún tálákà, ṣùgbọ́n ẹ dé Makoko, ẹ dé Ajégúnlẹ̀, ẹ ó rí wọn: nínú pálọ̀ onílé, lókè ṣọ́ọ̀bù, nínú ilé pákó. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó ń yan ẹja lè fẹsẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ dé, tí wọ́n á sì jẹ́ kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ kì í sábà gba ₦70,000 tí òfin ní kó jẹ́ owó-oṣù tó kéré jù láti 2024. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ kò sì ní jẹ́ kí orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ilé-ìwé tí kò níwèé àṣẹ. Bí ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù ṣe máa ń já kúrò nínú ìwé wọn nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ra ọ̀dà rárá.

Ti Makoko tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú ilé ibẹ̀ ló dúró lórí òpó igi nínú ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ ọjà. Bọ́ọ̀sì wo ló fẹ́ wọ ibẹ̀?

Gbígbá etíkun náà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, ní Sátidé kẹta oṣù kẹsàn-án, káàkiri ayé ni wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìmọ́tótó etíkun tó bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní 1986, àwọn ilé-iṣẹ́ Èkó sì máa ń bá wọn ṣe é. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ike tí wọ́n ń ṣà níbẹ̀ kọ́ ni àwọn tó wá gba atẹ́gùn jù sílẹ̀. Inú kánàálì ni òjò ti ń gbá a wá, láti àdúgbò tí òpópónà rẹ̀ tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ PSP kò lè wọlé kó ìdọ̀tí. Etíkun á mọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àdúgbò tí ìdọ̀tí ti ń wá á sì wà bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká má sì gbàgbé orí ilẹ̀ ta ni a dúró lé. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun Èkó wó Maroko, àdúgbò tálákà ńlá kan. Iye àwọn tí wọ́n lé kúrò, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n fojú bù, tó 300,000. Díẹ̀ nínú wọn ló rí ilé gbà ní Ìlasàn àti Ìkọ̀tà, àwọn yòókù sì fọ́n ká sí àwọn àdúgbò tálákà mìíràn. Lónìí, agbègbè Oníru àti ibi tí a fẹ Victoria Island dé wà lára ilẹ̀ yẹn.

Badia ló máa ń dùn mí jù bí mo bá ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà lára àdúgbò mẹ́sàn-án tí Báńkì Àgbáyé àti ìjọba Èkó kọ sílẹ̀ fún àtúnṣe nínú ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí owó yíyá rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 200 dọ́là. Ní February 23, 2013, katakata wọ Badia East, wọ́n sì wó ilé mọ́ àwọn ènìyàn lórí. Amnesty International kà wọ́n sí nǹkan bí 9,000 tí kò rílé gbé mọ́. Bí ètò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tó ní àdéhùn àti amòfin, kò bá lè gba òrùlé àwọn ará Badia sílẹ̀, kí ni ọ̀dà ògiri fẹ́ ṣe? Ẹ̀rù wíwó ilé wà lára ohun tó ń gba oorun lójú ará irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí pólò ilé-iṣẹ́ kankan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sí láyà.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ àjọṣe dáadáa. Bí ènìyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀, òun tó ni oko ló ń sọ ọjọ́ tí a ó wá, òun ló ń fi ibi tí a ó ro hàn wá. Kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ́ dé oko olóko, kó máa ro ibi tó wu òun. Nínú ètò òde òní, yàrá ìpàdé ni ọ̀wẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ogójì ènìyàn lè ṣe parí kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá àdúgbò tí wọ́n lè lọ ṣe é.

Ẹ wo gọ́tà. Wọ́n á kó ẹrẹ̀ dúdú jáde, wọ́n á kó o jọ sẹ́bàá gọ́tà kan náà, fọ́tò á yọ, wọ́n á lọ. Bí kò bá sẹ́ni tó wá kó o kúrò, òjò àkọ́kọ́ á dá a padà. Ká tiẹ̀ ní wọ́n kó o lọ, bí kánàálì ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ ni bá dí, gọ́tà inú àdúgbò kò níbi tí yóò da omi rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ omi náà ńkọ́? Ọjọ́ ṣíṣí rẹ̀ ni gbogbo ayé ń rí. Ta ni yóò máa ra epo jẹnẹrétọ̀, ta ni yóò pààrọ̀ pọ́ńpù bó bá jóná? Kò sí èyí nínú ìṣirò owó ọjọ́ kan.

Àwọn kan á ní ó ṣáà sàn ju kí a má ṣe nǹkan kan lọ. Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Àwọn ọmọ ń pàdánù ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ jáde wá pàtẹ́wọ́. Ilé-ìwé etí títì tí ilé-iṣẹ́ kan ti mọ̀ ni ilé-iṣẹ́ kejì náà máa ń lọ, a ó sì máa tún ògiri kan náà kùn nígbà tí òrùlé ilé-ìwé inú lọ́hùn-ún ń jò. Èyí tó burú jù ni pé káńsù tó yẹ kó dáhùn fún nǹkan wọ̀nyí á wá ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, a ó sì dẹ́kun àtibèèrè.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣe é dáadáa o, bí òfin bá ti fi dandan lé e. Òfin epo rọ̀bì ti 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń wa epo fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè àwọn tó ni ilẹ̀. Kí wọ́n tó ná an, wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí ohun tí àwọn ará ibẹ̀ nílò. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ fún báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí wọ́n má ṣe irú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ náà níbi iṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ní ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ní ibì kan, láìgbé kámẹ́rà lọ́wọ́. Àwọn akáńtáǹtì yín lè bá àwọn onílé-ìwé kéékèèké tún ìwé owó wọn ṣe, kí wọ́n sì bá wọn wo ohun tó ń dí ìwé àṣẹ wọn lọ́wọ́: bóyá ilẹ̀ ni, bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, bóyá owó ìforúkọsílẹ̀ ni. Àwọn lọ́yà yín lè dúró ti àdúgbò tí wọ́n ti fún ní ìwé pé wọ́n máa wó ilé wọn. Kí ẹ sì ṣe é fún ọdún mẹ́ta gbáko ní ibì kan ṣoṣo, pẹ̀lú owó tí ẹ ti kọ sílẹ̀ fún àtúnṣe ọdún kejì àti ìkẹta kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan sórí pólò.