Èsì wa sí ẹni tó fún wa ní ìràwọ̀ kan: server náà ṣiṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá ọlọ́jọ́ ìbí. A ti rí ohun tí ẹ kọ sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́.

Ẹ ní ẹ san ₦18,000 fún server, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń ṣeré ti ń pàdé, kí ọmọ yín lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe Minecraft, géèmù ilé kíkọ́, lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ ní ọmọ méje ló jókòó, méjì péré ló wọlé. Ẹ pè wá, a ò gbé fóònù, ìgbà tí a sì máa gbé e, ẹ̀kọ́ la bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín. Ẹ ní iná ló lọ ní ṣọ́ọ̀bù wa tí server fi kú. Ẹ wá fi kún un pé àbúrò yín ní ọ̀fẹ́ ni nǹkan tí a ń gbowó lé lórí. Ìràwọ̀ kan.

Mo máa dáhùn, torí iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ilé mi, ẹni tó bá sì fẹ́ wá bá wa rajà lọ́la, ohun tí ẹ kọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ sanwó. Lọ́jọ́ náà gan-an, aago 10:20 àárọ̀, a fi ìbéèrè mẹ́rin ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Gbogbo oníbàárà la máa ń bi í. Fóònù ni àwọn ọmọ fẹ́ fi ṣeré ni, àbí kọ̀ǹpútà? Ẹ̀dà wo ni géèmù tó wà lórí ẹ̀rọ wọn? Orúkọ wo gan-an ni oníkálukú ń jẹ́ nínú géèmù, lẹ́tà sí lẹ́tà? Ṣé oníkálukú ló ti ra géèmù náà? Ẹ ní kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń lò, ẹ sì fi orúkọ méje ránṣẹ́. Ìbéèrè nípa ẹ̀dà àti ìbéèrè nípa rírà, àwòrán àtàǹpàkò lẹ fi dá wa lóhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, aago 6:40, ọmọ iṣẹ́ wa fi àdírẹ́sì server ránṣẹ́. Ó bẹ̀ yín pé kí àwọn ọmọ méjèèje gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ó má di ìgbà tí àlejò bá ti pé. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí fóònù wa. Ọmọ yín nìkan ló gbìyànjú rẹ̀. Aago 7:12 ló wọlé, ó lo 50 ìṣẹ́jú. Ọmọ iṣẹ́ wa wà nínú géèmù pẹ̀lú rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń gé igi, tó kọ́ ilé alápákó kékeré kan sétí omi, tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì pupa sínú rẹ̀. Server tí kò ṣiṣẹ́, ẹnì kan kì í kọ́lé sínú rẹ̀.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á bá mi mọ nǹkan kan: server máa ń kọ ìwé fúnra rẹ̀, log ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó kanlẹ̀kùn, ẹni tó wọlé, ẹni tí a dá padà àti ìdí tí a fi dá a padà, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Mo ti ka log ọjọ́ yẹn tán, ìgbà mẹ́ta ni mo kà á.

Aago 2:09, ọmọ yín wọlé. Aago 2:11, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé. Àwọn méjì tí ẹ rí nìyẹn.

Aago 2:14, ọmọ kẹta dé pẹ̀lú ẹ̀dà 1.20.1, nígbà tí server wà lórí 1.21.1. Géèmù fúnra rẹ̀ ló sọ fún un lójú ẹ̀rọ pé ẹ̀dà rẹ̀ ti di ti àtijọ́, ó sì sọ èyí tó yẹ kó lò. Kò ju kí ó yan 1.21.1 nínú launcher rẹ̀, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí géèmù náà, kí ó sì dúró kí ẹ̀dà náà sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọmọ kẹrin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù. Orúkọ rẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ ní lẹ́tà O láàárín. Orúkọ tí ó ń jẹ́ nínú géèmù, òdo ló wà níbẹ̀, òdo tí a fi ń ka nọ́ńbà. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ọ̀kan náà ni. Lójú server, ẹlòmíì ni. A ti tan whitelist, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn tí a gbà láàyè, torí ọmọdé ni wọ́n, a ò sì fẹ́ kí àgbàlagbà tí a ò mọ̀ rí wá bá wọn nínú ibẹ̀. Láàárín 2:16 sí 2:31, ìgbà mọ́kànlá ni ọmọ yẹn kanlẹ̀kùn. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ibi tí mo ti ń kà á lórí log, àánú rẹ̀ ṣe mí, torí ọmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ karùn-ún kò tilẹ̀ sí nínú log rárá ní àkọ́kọ́. Fóònù ló gbé wá. Minecraft orí fóònù, Bedrock ni. Èyí tí ẹ ní kí a gbé kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, Java ni. Àwọn méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ẹnu ọ̀nà Java ni port 25565, ti Bedrock ni 19132. Ọmọ yẹn ń kan ilẹ̀kùn tí a ò gbẹ́ sára ilé, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àlejò ń bọ̀ láti apá ibẹ̀. Nígbà tí a gbọ́, a fi Geyser àti Floodgate sí i, afárá tí ẹni tó wà lórí Bedrock fi ń kọjá sí Java, láìgba kọ́bọ̀ kún owó. Ìgbà yẹn nìkan ni server dúró lọ́jọ́ náà, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tó fi padà. Síbẹ̀ ọmọ náà kò lè wọlé, torí àkáǹtì ọmọdé ni Microsoft, iléeṣẹ́ tó ni Minecraft, fi sọ́dọ̀ rẹ̀, àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ọmọ bá ẹlòmíì ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì àfi tí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ wà lọ́jà. Aago 3:50 ló tó fọwọ́ sí i.

Ó ku méjì. Àwọn méjèèjì kò ra géèmù náà. Ẹ̀dà tí wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí kò yẹ ló wà lórí làptọ́ọ̀pù wọn. Ibí yìí ni èmi àti ẹ̀yin ti ṣe àríyànjiyàn lórí fóònù. Ẹ ní kí n kàn ṣí i sílẹ̀ fún wọn. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣí. Ìlà kan péré ni nínú fáìlì server, online-mode ni orúkọ rẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́ di false, server kò ní bi Microsoft léèrè mọ́ bóyá ẹni tó dé ni ẹni tó pe ara rẹ̀. Mo kọ̀. Màá tún kọ̀ lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí ẹ kọ ọ́ síta pé a kọ̀ láti ràn yín lọ́wọ́. Oníbàárà wa kan wà tó jẹ́ olùkọ́. Ó bẹ̀ mí títí, mo ṣí i fún un. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi oṣù mẹ́rin kọ́ ìlú kan sínú server yẹn: ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ààfin ọba tí wọ́n fi bíríkì pupa mọ, tí odi yí i ká. Lóru ọjọ́ kan, ẹnì kan tí a ò mọ̀ títí dòní wọlé pẹ̀lú orúkọ olùkọ́ wọn. Server gbà pé olùkọ́ ni, ó fún un ní gbogbo àṣẹ tí olùkọ́ ní. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti da lava, òkúta gbígbóná tó ń ṣàn bí omi, sórí ọjà, ó ti dáná sun gbogbo òrùlé alápákó. Backup tí a ní, ìyẹn àdàkọ tí a tọ́jú pa mọ́, ti pé ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí wọ́n sì kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn lọ pátápátá. Mo lọ sí kíláàsì yẹn láti lọ bẹ̀ wọ́n. Ọmọbìnrin kan ń bi mí ibi tí ilé rẹ̀ wà, mi ò rí nǹkan sọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò ṣí i fún ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà jẹ́ ẹni tó san ìlọ́po mẹ́wàá owó yín. Whitelist gan-an kò wúlò mọ́ tí èèyàn bá lè jẹ́ orúkọ tó wù ú.

Ní ti iná, ẹ ṣì wá mú. Server yín kò sí ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Bódìjà. Lẹ́kí ló wà, l'Ékòó, nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Tí iná bá lọ n'Ìbàdàn láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ọmọ lè máa ṣeré lọ.

Ní ti fóònù, ẹ jàre wa. Ẹ pè ní 2:18, ní 2:24, ní 2:33, ní 2:41. Ọmọ iṣẹ́ wa gun kẹ̀kẹ́ lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, ó fi fóònù ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lórí ṣájà, èmi sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú oníbàárà míì. Aago 2:47 ni mo gbé e. Ìṣẹ́jú 29 fún ìyá tí ilé rẹ̀ kún fún ọmọ tó ń sunkún, ó pẹ́ jù. Ẹ̀bi wa ni. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù ń mú fóònù lọ́wọ́.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò mọ̀ àfi ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní mo kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ níwájú àlejò. Mi ò mọ̀ pé orí speaker ni fóònù yín wà. Nígbà tí mo ń sọ pé, "Mọ́mì, àwọn méjì yìí ò tíì ra géèmù," mi ò mọ̀ pé àwọn òbí wọn jókòó sí pálọ̀ yín, tí wọ́n ń gbọ́. Mo tọrọ àforíjì lórí ìyẹn, tọkàntọkàn. Tí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan.

Àbúrò yín kò parọ́. Ètò server Minecraft Java, ọ̀fẹ́ ni. Orí ìkànnì Minecraft lèèyàn ti ń gbà á sílẹ̀. Ẹ ní láti ní Java 21, ètò kọ̀ǹpútà tí server náà fi ń ṣiṣẹ́, fún ẹ̀dà 1.21.1. Ẹ ó tan án lẹ́ẹ̀kan, yóò kú fúnra rẹ̀, ẹ ó wá ṣí fáìlì eula.txt, ẹ ó sọ false di true láti fi hàn pé ẹ gba òfin wọn, kí ẹ tó tún un tan. Tí gbogbo àwọn ọmọ bá wà nínú ilé kan lórí wifi kan náà, tí wọ́n sì ní ẹ̀dà kan náà, ìyẹn ti tó, ẹ má wulẹ̀ sanwó fún mi. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó bá wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín tó fẹ́ wọlé láti ilé wọn lọ́jọ́ Ajé ńkọ́? Àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 kò jáde kúrò nínú ilé yín. Èyí tó pọ̀ nínú dátà tí a ń rà lórí fóònù àti mifi lórílẹ̀-èdè yìí sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oníbàárà ni wọ́n kó sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, bí ilé alájà mẹ́wàá tó jẹ́ nọ́ńbà kan ló wà lẹ́nu géètì. Ẹni tó ń wá yín láti ìta kò ní mọ yàrá tí ẹ wà. Ibẹ̀ ni owó yín wọ̀: àdírẹ́sì tí gbogbo ayé rí, ẹ̀rọ tí kì í sùn, backup lóròòru, àti èèyàn tí ẹ lè pè.

Ohun tí ẹ ò kọ nìyí. A tún ti ẹ̀dà ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. A tún ti òdo ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó fi máa di 4:05, ọmọ márùn-ún ló wà nínú server lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjì tó kù ń gba làptọ́ọ̀pù ọmọ yín lò, wọ́n ń pín in. Aago 6:58 ni ẹni tó kẹ́yìn jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi ṣeré pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, lórí server tí ẹ ní kò ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ọjọ́ ìbí ọmọ kan dá ìjà sílẹ̀. Màá dá ₦18,000 yín padà, gbogbo rẹ̀. Màá tún fún yín ní oṣù méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé, ọmọ iṣẹ́ wa yóò wá sílé yín, yóò yẹ ẹ̀rọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní san owó ọkọ̀ rẹ̀. Fún àwọn méjì tí kò tíì ra géèmù, màá fi bí wọ́n ṣe ń rà á han àwọn òbí wọn. Kí wọ́n rántí pé èyí tí èèyàn rà lórí fóònù kò ní ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà online-mode yẹn kò ní yí padà.

Tí ẹ bá gba owó yín, tí ẹ sì fẹ́ kí n pa server náà, ẹ kàn sọ fún mi, n ó pa á lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín léèrè. Àná, aago 4:26, tó ti ilé ìwé dé, ó wọlé. Ilé alápákó etí omi yẹn ti di alájà méjì.