Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń bọ̀ ní Calgary, ẹ ṣọ́ra fún òkè ní April

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ti ń palẹ̀ mọ́, gbogbo èèyàn ló máa bá yín sọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì àti owó ilé, ọ̀rọ̀ òkè àti avalanche, ìyẹn yìnyín tó máa ń já wálẹ̀ látòkè lójijì tó sì ń bo èèyàn, ni tèmi o. Tẹ́ ẹ bá dé, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi ní ẹ jẹ́ ká lọ ya fọ́tò ní Banff, ìlú àárín òkè tí kò jìnnà sí Calgary, àwa tá a sì dàgbà sídìí Màpó àti Òkè Àrẹ, òkè wo ló fẹ́ bà wá lẹ́rù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ní April, yìnyín lè ti yọ́ tán lójú títì nínú ìgboro, tòkè ṣì wà ńbẹ̀ digbí, oòrùn tó ń dùn mọ́ yín yẹn gan-an ló sì ń bà á jẹ́. Tí òtútù bá mú un lóru, ojú ẹ̀ á le koko, ẹ lè rìn lórí ẹ̀ láàárọ̀ kẹ́sẹ̀ yín má rì. Tó bá ti ń di ọ̀sán, omi á máa jò wọnú ẹ̀, ìpele yìnyín tó wà lókè ò ní rí tìsàlẹ̀ dì mú mọ́, ẹsẹ̀ á máa rì dé orúnkún, ẹ ó rí yìnyín kéékèèké tó ń yí gbirigbiri bọ̀ látòkè. Ẹ tètè kúrò níbẹ̀! Avalanche ò jìnnà mọ́ nìyẹn. Tí kò bá sì dì lóru, ẹ má tiẹ̀ lọ rárá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń pa, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ ló tẹ ibi tó já. Ibi tó dagẹ̀rẹ̀ bí 30 sí 45 degree ló ti máa ń já jù, ibẹ̀ náà ló sì máa ń wu èèyàn gùn. Tó bá bo èèyàn, ká hú u jáde láàárín bí ìṣẹ́jú 15 ni o, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn, hẹlikọ́pítà wo ló fẹ́ tètè débẹ̀? Ẹni tẹ́ ẹ jọ lọ ló máa gbà yín, tóun náà bá ní transceiver (ẹ̀rọ kékeré téèyàn ń so mọ́ra, tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bò), ṣọ́bìrì àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá èèyàn, tó sì mọ̀ ọ́n lò. Ní March 1910, ní Rogers Pass, ibi tí ojú irin ti gba àárín òkè kọjá ní Canada, àwọn òṣìṣẹ́ ń kó èyí tó kọ́kọ́ já kúrò lójú irin ni òmíì tún já lé wọn lórí, èèyàn 58 ló lọ.

Avalanche Canada, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ avalanche, máa ń gbé ìkìlọ̀ jáde, láti 1 dé 5, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má rí 3 kẹ́ ẹ ní àárín ni, 3 ti le, ẹsẹ̀ èèyàn kan ṣoṣo lè já a. Ẹ dúró síwájú adágún Lake Louise ní Banff kẹ́ ẹ ya fọ́tò yín, àmọ́ ọ̀nà Plain of Six Glaciers tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di July.