Ìjọba Bí Oògùn, Kò Tọ́ Ọ

Iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà: ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ lékulẹ́jà èyíkéyìí, yóò kó wọn fún yín. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ìdílé Rẹ́fúrẹ́ǹdì Ogunyale fi ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kí ó tó gbé e tọ NIPRD lọ, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí oògùn l'Ábújá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe tó ń darí ibẹ̀ nígbà náà àti àwọn èèyàn rẹ̀ kò fojú tẹ́ńbẹ́lú àgbo. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan, wọ́n sì dán an wò lára aláìsàn 82. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001, eegun ríro tó máa ń dá wọn dùbúlẹ̀ ti dín kù. Kò wo àrùn náà tán o, àwọn onímọ̀ mìíràn sì sọ pé ó yẹ kí ìdánwò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ̀ lé e.

Ta ni yóò san owó ìdánwò náà? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Wọ́n gbé àṣẹ láti máa ṣe oògùn náà àti láti máa tà á lé Xechem lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní New Jersey, ó sì jáde sọ́jà níbí ní 2006 lórúkọ Nicosan. Nígbà tó di 2008, Xechem ti jẹ gbèsè dé ọrùn, ó gba kóòtù lọ ní Amẹ́ríkà. Nicosan bá a lọ. Àwọn tó ti ń lò ó di ẹni tó ń wá a kiri. Àwa kò bá Xechem jà púpọ̀, oníṣòwò ni. Ìjọba tó fi owó ará ìlú dá NIPRD sílẹ̀, tó wá kọ́wọ́ lẹ́rán nígbà tí iṣẹ́ náà kù díẹ̀ kó délé, ni a ní ẹjọ́ bá rò.

Ní oṣù Kejìlá 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú àrùn yìí kan náà tó ń tún jíìnì aláìsàn ṣe. Mílíọ̀nù méjì dọ́là àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni iye rẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Owó ìjọba wọn wà nínú ìwádìí tó la ọ̀nà fún un. Bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè tiwa níbí la ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù lọ láyé.

Ìjọba wa ò lè sọ pé kò sówó. Òfin owó orí tuntun ti ní kí ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe kékeré máa san ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn láti 2026, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti TETFund, àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tó bá wọ ọgbà yunifásítì ìjọba yóò rí orúkọ TETFund gàdàgbà lára ògiri gbọ̀ngàn. Ilé dára. Ṣùgbọ́n ẹ yọjú sínú yàrá ìwádìí tó wà nínú ilé ọ̀hún nígbà tí wọ́n bá múná lọ: fíríjì èròjà ti ń gbóná, dísùlù sì ti gbẹ nínú jẹnẹrétọ̀. Láti 2007 ni àwọn olórí Áfíríkà ti jọ ṣèlérí pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò máa lọ sórí ìwádìí. Nàìjíríà kò tíì sún mọ́ ọn.

Àwọn kan á ní ebi ló ń pa èèyàn, ta ló ń wá ìwádìí. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ abiyamọ tó ń wá ẹni tí yóò fún ọmọ rẹ̀ lẹ́jẹ̀ lóru bóyá ìwádìí ni fàájì.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí a ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó orí tuntun yìí fún ìdánwò lára aláìsàn àti fún ṣíṣe oògùn tí àwọn onímọ̀ wa bá ṣàwárí, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ lásìkò. Ilé-iṣẹ́ tó bá gba àṣẹ tí kò lè ṣiṣẹ́, kí àṣẹ padà sọ́wọ́ ìjọba lójú ẹsẹ̀, kí ìdílé tó ni ìmọ̀ náà sì ní ìpín tirẹ̀. Lẹ́yìn Xechem, NIPRD tún bá ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà kan ṣàdéhùn lórí Niprisan. Kí àwọn aṣòfin pe tọ̀túntòsì síwájú ará ìlú, kí wọ́n sọ ibi tí iṣẹ́ dé àti iye tó kù kí oògùn náà tó dé ilé ìwòsàn.